Ilé Ẹ̀kọ́ Orin Tí Kò Ní Pátákó

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, ohùn ìlù ni ó máa ń gba Àjàǹgbádì, ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní Èkó, kan. Láti ibùdókọ̀ Afromedia wọ inú àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì kì í jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan wà nínú ilé tí ìjọ fi ọdún gbọọrọ kọ́, àwọn kan ń lo gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn sì wà lókè ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lásìkò náà, ìdánrawò orin ọjọ́ Àìkú ni ó ń lọ lọ́wọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì parí ilé ẹ̀kọ́ girama ń wá ohùn orin lórí kíbọ́ọ̀dù tí bọ́tìnnì rẹ̀ méjì ti kú. Ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ń kọ́ bí wọ́n ti ń mú ohùn àárín bá ohùn òkè mu. Ẹni kẹta dojú kọ mísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to ohùn, ó ń yí i, ó ń tẹ́tí, ó tún ń yí i. Kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ nínú wọn láti kọ́ ohun tí ó ń kọ́ yìí.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìjọ àti àṣà ìgbàlódé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá pé jọ láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, bí àlejò tí ń ti ìta bọ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ àṣà. Wọ́n á ní ó ń bọ̀ láti orí fóònù, láti ilé ijó, láti òkè òkun, ìjọ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rò ó bóyá kí òun ṣílẹ̀kùn tàbí kí òun tì í. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ nídìí àkóso akọrin àti ọ̀dọ́ ní agbègbè Ọ̀jọ́ mọ̀ pé àlejò náà kò sí níta. Inú ilé ni wọ́n bí i sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò kọ orin tí Èkó máa jó sí lọ́dún mẹ́wàá òní, tí yóò ya fíìmù tí wọ́n máa wò, tí yóò sì to ohùn tí wọ́n máa gbọ́, ààyè akọrin ni wọ́n jókòó sí báyìí. Iṣẹ́ tí ìjọ bá ṣe lára wọn ni iṣẹ́ tí ó ṣe lára àṣà.

Agbègbè náà fúnra rẹ̀ ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, àwọn Ẹ̀gùn sì ti ń gbé ní bèbè omi wọn tipẹ́tipẹ́. Ọjà Àlàbá kó Ìgbò wá láti ìlú oríṣiríṣi. Orúkọ àdúgbò Ìlẹ̀mbá Hausa sì ń sọ pé àwọn ará Òkè Ọya náà ti pẹ́ níbẹ̀. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì tí ó gba agbègbè náà kọjá, orúkọ rẹ̀ náà sì ni àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣì ń ké ní ibùdókọ̀ títí dòní. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá yunifásítì LASU sílẹ̀ ní 1983, èyí sì kó ọ̀dọ́ rẹpẹtẹ wá sí Ìyànà-Ìbà àti Okokomáíkò àti gbogbo àyíká wọn. Bárékè àwọn ológun tún wà níbẹ̀. Ìwàásù tí pásítọ̀ bá ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ní láti dúró tì í láti sọ ọ́ ní Yorùbá, ní ibòmíràn ní Ìgbò. Tí ó bá di àkókò ìyìn àti ìjọsìn, akọrin kan náà á mú orin Yorùbá, á bọ́ sí ti Ìgbò, á yà sí ti Ẹ̀gùn, á sì padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìdúró mí. Gbogbo ìjọ á máa bá a gbè é. Ẹ̀bùn ńlá ni èyí, ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n sì ti kọ́ ọ.

Àgbádárìgì tí ojú ọ̀nà yìí lọ ni ìgbàgbọ́ gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Áńgílíkà, CMS, dé tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n sì ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Àwọn míṣọ́nárì yìí kó ìwé orin wọn dání, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ àwọn orin náà tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ wọ́n, ìṣòro kan yọjú tí gbogbo akọrin àtijọ́ mọ̀: ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì ń dà rú lẹ́nu ẹni tí ń kọ ọ́. Ìwàásù kò lè tún èyí ṣe. Olórin ni ó lè tún un ṣe, olórin náà sì gbọ́dọ̀ mọ Yorùbá, kó mọ ìgbàgbọ́, kó sì mọ iṣẹ́ orin dunjú.

Josiah Jesse Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dìde. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni, ó gbé ayé láti 1855 títí di 1930. Ó mú ohùn orin tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti mọ̀ látẹnu àwọn baba wọn, ó sì fi kọ orin ìyìn ní Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ àti ohùn fi rìn pọ̀. Ní 1922, nígbà tí rédíò kò tíì dé Nàìjíríà, ó kọ àwọn orin náà sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ́nù. Bàbá àgbà Fela Aníkúlápó-Kuti, olórin Afrobeat, ni. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ọ̀kan nínú orin tí ó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣẹ̀ wá gbọ́dọ̀ gba ilé àlùfáà yẹn kọjá.

Thomas Ekundayo Phillips ni ẹnì kejì. Ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni, ó kọ́ dùrù títẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù, ó sì padà wá di atẹdùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Krístì ní Marina, Èkó, ní 1914. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ohun tí ó sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ní 1953, ó tẹ ìwé jáde lórí bí orin Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn olùkọ́ orin ṣì ń kà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́. Fela Sowande kọrin lábẹ́ rẹ̀ nígbà èwe, ó sì lọ di ẹni tí gbogbo àgbáyé mọ̀ nínú orin kíkọ sílẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kó tó di olùkọ́ orin ní Yunifásítì Èkó. Ìjọ kan ṣoṣo, olùkọ́ kan ṣoṣo tí ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́, ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde sì kúrò ní ti ìjọ kan, ó di ti orílẹ̀-èdè.

Tíátà náà kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1944, wọ́n gbé eré olórin kan jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, eré tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ni ó ní kí wọ́n ṣe é. Ọlọ́pàá kan tí ó jẹ́ ọmọ Òṣósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ni ó kọ ọ́, Hubert Ògúńdé ni orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó dá ẹgbẹ́ tíátà sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní baba tíátà Nàìjíríà. Ìtàgé tí àwọn òṣèré Yorùbá dúró lé títí dòní, inú ìjọ ni wọ́n ti kan pákó àkọ́kọ́ rẹ̀.

Àwọn ìtàn wọ̀nyí dùn ún gbọ́. Òmíràn wà tí kò dùn. Ní Òṣogbo, ní 1961, Dúró Ládípọ̀, ọmọ kátékíísì ìjọ Áńgílíkà, kọ orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints, ó sì kó ìlù ìbílẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì láti bá a lọ. Inú àwọn àgbà ìjọ kò dùn sí i. Wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìlù náà, Ládípọ̀ sì gbé orin rẹ̀ jáde lọ síta. Ní 1962, ó wà lára àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó ṣe eré Ọba Kò So, èyí tí ó gbé e dé Berlin ní 1964 tí ó sì gba ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn àṣà Yorùbá yóò dúpẹ́ pé iṣẹ́ Ládípọ̀ wà. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka ìtàn yìí láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìlù tí wọ́n torí rẹ̀ bínú nígbà náà ti wọ ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Bàtísí báyìí láìsí ẹni tí ó ń jà. Ìlù padà wá. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò jù kò padà wá mọ́.

Ìdájọ́ tí ìtàn yìí mú wá ṣe kedere. Ìjọ tí ó lé olórin rẹ̀ jáde kò dá àṣà dúró. Olórin nìkan ni ó pàdánù. Ìjọ tí ó dá a dúró ṣùgbọ́n tí kò kọ́ ọ pàdánù rẹ̀ lọ́nà mìíràn, nítorí ẹlòmíràn ni yóò kọ́ ọ.

Àwọn kan gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ní 1985, Mike Bamiloye dá ẹgbẹ́ òṣèré Mount Zion sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣeré lórí ìtàgé, wọ́n sì bọ́ sí fíìmù nígbà tí fídíò dé. Nígbà tí Agbára Ńlá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ìjọ gbé tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ síta, wọ́n ta aṣọ funfun, àdúgbò sì jókòó wò ó dòru. Ohun tí ó ya Mount Zion sọ́tọ̀ ni pé wọn kò fi mọ sórí fíìmù. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí yóò máa ṣe eré ìgbàgbọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ eré kíkọ, eré ṣíṣe àti bí òṣèré ti ń gbé ìgbé ayé rẹ̀. Èso rẹ̀ hàn. Ìran kejì ti gba kámẹ́rà: Damilola Mike-Bamiloye ni ó darí Abejoye, tí àwọn ènìyàn ń wò lórí YouTube káàkiri ayé. Ó lé ní ogójì ọdún sí ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó dá a sílẹ̀.

Ẹ wá wo Àlàbá, ọjà ẹ̀rọ tí kò jìnnà sí Àjàǹgbádì rárá. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣòwò ọjà yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sílẹ̀ fún fíìmù, tí wọ́n ń tẹ káséètì àti CD, tí wọ́n sì ń pín in kiri Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orin tí ó bá jáde lónìí, àwọn DJ ọjà náà á ti dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, ó di èyí tí dáńfó ń gbé kiri. Íntánẹ́ẹ̀tì ti gba púpọ̀ nínú òwò CD náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ohùn àti àwòrán kò kúrò níbẹ̀. Spíkà, mísà, kámẹ́rà, iná ìtàgé, gbogbo ohun tí ìjọ Èkó ń lò, Àlàbá ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rà á. Wọ́n ń ra ẹ̀rọ lójúmọ́. Ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ náà ni wọn kì í wá.

Kì í ṣe pé ẹ̀bùn kò sí. Wizkid, olórin ìgboro, kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì dá ẹgbẹ́ akọrin Glorious Five sílẹ̀. Inú akọrin ìjọ rẹ̀ ni Sinach, olórin ìhìnrere, ti jáde wá. Orin rẹ̀ Way Maker, tí ó gbé jáde ní 2015, gba ẹ̀yẹ Orin Ọdún ní Dove Awards ti Amẹ́ríkà ní 2020. Nathaniel Bassey bẹ̀rẹ̀ Hallelujah Challenge lórí Instagram ní oṣù Kẹfà 2017, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n sì ń ṣe é, tí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń dara pọ̀. Ebenezer Obey, tí ó ti jọba lórí jùjú, gbájú mọ́ iṣẹ́ ìhìnrere ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn fi hàn pé ìlà tí àwọn ènìyàn ń fà sáàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ìgboro kò nípọn tó bí wọ́n ti rò.

Ọdún 2020 tú àṣírí kan. Ìjọba ti Èkó pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta nítorí àrùn kòrónà. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì sì wà ní títì. Wọn kò ṣí ilé ìjọsìn ní Èkó títí di ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ. Nínú oṣù wọ̀nyẹn, ní ìjọ kéékèèké, ẹni tí ó lè gbé ìsìn dé ilé àwọn ọmọ ìjọ ni ọ̀dọ́ tí ó mọ bí wọ́n ti ń gbé fóònù dúró, tí ó mọ ibi tí iná yóò ti wá, tí ó sì lè mú kí ohùn ìwàásù dún ketekete. Àwọn àgbà tí kò mọ orúkọ ọmọ náà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù ní aago márùn-ún ìdájí. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn padà, ìjọ díẹ̀ ni ó gbé ọmọ náà lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ dá a padà sí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ìjọ tí ó ti bínú sí ẹ̀rọ rí náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ṣì rántí bí ìjọ Deeper Life, tí W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní 1973, ti ṣe kọ̀ tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ọmọ ìjọ. Lónìí, sátẹ́láìtì àti íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbé ìwàásù rẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè. Ìwàásù ìwà mímọ́ náà kò yí padà. Ẹ̀rọ ni wọ́n yí ọkàn padà nípa rẹ̀, wọ́n sì ní láti wá àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Kí ni ìjọ Àjàǹgbádì, Ìbà àti Okokomáíkò lè ṣe? Ẹni tí ó bá ti bá akọrin ṣiṣẹ́ pẹ́ yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí olùkọ́. Nínú àwọn ìjọ tuntun, etí ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ́ ohun èlò. Etí náà mú bí abẹ́. Bí aṣíwájú orin bá gbé orin sókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti bá a níbẹ̀ kó tó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n gbé ìwé orin síwájú wọn, wọn kò lè kà á. Ní òpópónà kan náà, akọrin ìjọ àtijọ́ kan wà tí ó ń ka sólfà bí ẹni ka ìwé ìròyìn, tí ó lè kọ orin olóhùn mẹ́rin láìṣìnà. Gbé orin sí ohùn tí wọn kò retí, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Àwọn méjèèjì ń gba ẹnu ọ̀nà ara wọn kọjá lójoojúmọ́, ìjọ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pàdé. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí èyí kọ́ èkejì ní ohun tí ó mọ̀, àdúgbò yóò ní àwọn olórin tí wọ́n pé. Kò ní ná ẹnikẹ́ni ju owó iná lọ.

Ọ̀rọ̀ owó tẹ̀lé e, kò sì yẹ kí wọ́n fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀. Atẹkíbọ́ọ̀dù tí ó mọṣẹ́ lè lọ òde àríyá ní alẹ́ Sátidé, kí ó gba owó, kí ó sì dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ojú tí oorun ń kùn. Pásítọ̀ á ní kò ní ìtara. Ọmọ náà mọ̀ pé òun ní ilé láti san. Kì í ṣe gbogbo ìjọ ni ó lè san owó oṣù, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n kí ìjọ sọ ohun tí ó lè ṣe ní gbangba: owó ọkọ̀, oúnjẹ ọjọ́ ìdánrawò, owó ẹ̀kọ́ fún ẹni méjì lọ́dún. Ohun tí kò yẹ ni kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tún san owó ńlá fún olórin tí wọ́n pè láti ibòmíràn fún ayẹyẹ ọdọọdún, lójú rẹ̀.

Ọ̀nà pẹ̀lú wà nínú ìṣirò náà. Nínú ètò ìjọba, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ aró yóò gùn tó kìlómítà 27 láti Okokomáíkò dé Marina. Apá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023 parí sí Mile 2. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó sì ń kọrin ní Àjàǹgbádì ṣì ń já ọkọ̀ ní Mile 2, á wọ dáńfó, á tún wọ kẹ̀kẹ́. Bí ìdánrawò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, aago mélòó ni àwọn ọmọbìnrin máa délé? Olùdarí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á parí ìdánrawò lásìkò, àgbà méjì á wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, a kò sì ní fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ orin fún ìdí kankan. Ìtọ́jú ọmọ ènìyàn ni iṣẹ́ ìránṣẹ́ kó tó di orin.

Ẹ̀tọ́ olórin náà ń bẹ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tuntun ti Nàìjíríà di òfin ní oṣù Kẹta 2023. Orin tí akọrin kan bá kọ, òun ni ó ni ín, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Nínú ìjọ, orin ọmọ kan lè di orin gbogbogbòò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí orúkọ pásítọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Irú èyí máa ń fọ́ ọkàn ọ̀dọ́, kò sì sí ìwàásù ìrẹ̀lẹ̀ tí yóò tún un ṣe. Ìwé àdéhùn ojú ewé kan, tí wọ́n kọ ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, á dáàbò bo ọmọ, á sì dáàbò bo orúkọ ìjọ.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ẹ̀kọ́ Ìwé Mímọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ gbàgbé ìwàásù ọjọ́ Àìkú kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n orin tí wọ́n kọ á wà lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bá ń fọ aṣọ, nígbà tí wọ́n bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ìyànà-Ìbà. Akọrin ni olùkọ́ tí ó wọ ilé jù. Bí ó bá jẹ́ pé owó òjijì àti ikú ọ̀tá nìkan ni orin rẹ̀ mọ̀, ohun tí ìgboro ń kọ náà ni ó ń kọ, orúkọ Jésù nìkan ni ó fi kún un. Orin tí ó sọ nípa ìrònúpìwàdà, nípa sùúrù, nípa òtítọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọjà Àlàbá, nípa ọmọnìkejì tí ebi ń pa, yóò ti ọwọ́ ẹni tí ó jókòó ti Bíbélì wá. Kí olùdarí akọrin ya apá kan nínú ìdánrawò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Kí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wá kọ́ wọn.

Ẹ̀rù tí àwọn alàgbà ń bà kì í ṣe ẹ̀rù asán. Òkìkí ń yí ènìyàn lórí. Owó tí kò ní orísun ń rìn kiri sítúdíò, ọ̀dọ́ tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì lè gbé ohun èlò olówó ńlá wá fún ìjọ gẹ́gẹ́ bí ọrẹ. Pásítọ̀ tí ó gba irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ti pa ẹnu ara rẹ̀ dé lórí ọ̀rọ̀ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó kọ̀ ọ́, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún akọrin. Ẹ̀kọ́ tí wọn yóò rí kọ́ nínú ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, wọn kò lè rí i nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Aládùúgbò náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ní 2016, LASEPA, àjọ tí ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ní Àjàǹgbádì, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ẹlòmíràn sábà máa ń kan ara wọn. Ọmọ tuntun wà lẹ́yìn ògiri yẹn, aláìsàn wà, ẹni tí ó fẹ́ jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́rin wà. Ẹni tí ó mọ mísà dáadáa mọ̀ pé ohùn tí ó mọ́ kò nílò láti pọ̀, àti pé spíkà tí wọ́n kọjú síta kì í wàásù fún ẹnikẹ́ni. Amóhùntò tí ìjọ bá kọ́ yóò mú kí ìhìnrere dùn létí ẹni tí kò tíì wọlé.

Bíbélì kò dákẹ́ lórí gbogbo èyí. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, Ọlọ́run fi ẹ̀mí kún Bẹ́sálẹ́lì fún iṣẹ́ ọnà àgọ́, ó sì fi sí i lọ́kàn láti kọ́ ẹlòmíràn. Nínú Kíróníkà kìn-ín-ní, àwọn akọrin tí Dáfídì yà sọ́tọ̀ tí wọ́n sì ti kọ́ṣẹ́ jẹ́ 288, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì jọ ṣẹ́ kèké iṣẹ́ láìsí ojúsàájú. Ẹ̀bùn àti ẹ̀kọ́ kò yà kúrò lára ara wọn níbẹ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ìyá ìjọ ní agbègbè yìí, ilé ń bẹ lọ́wọ́ yín tí ó sábà máa ń ṣófo láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ohun èlò wà nínú rẹ̀. LASU wà nítòsí, àwọn tí ó ń kọ́ orin àti tíátà sì wà níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n. Kí ìjọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní òpópónà kan para pọ̀, kí wọ́n gba olùkọ́ kan, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún ọmọ tiwọn àti ọmọ aládùúgbò, ìbáà ṣe ọmọ Mùsùlùmí. Kí ẹ tó ra spíkà tó kàn, ẹ yọ owó olùkọ́ sílẹ̀ ná.